Adelé Tó Fẹ́ Lọ Jìnnà

Ẹni tó bá fẹ́ ba ọjọ́ jẹ́ mọ́ ọkùnrin yìí lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan péré ló máa sọ: adelé. Adelé Ọ̀gá Àgbà ni ìgbìmọ̀ fi í ṣe ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Èdè Dọ́ọ̀ṣì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tí gbogbo wọn ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké, ti ń kọ́ Dọ́ọ̀ṣì kí wọ́n lè lọ ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tó ń sọ ọ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ṣe ni wọ́n ní kó bá wọn di ipò mú títí wọ́n á fi rí ọ̀gá. Òun náà mọ̀. Kò kàn fẹ́ gbọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ oyè rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó dúró ti akunlé lórí. "Kọ 'adelé' yẹn kéré," ló wí. Akunlé kọ ọ́ kéré. "Ó ṣì tóbi." Akunlé kọ ọ́ débi pé èèrà nìkan ló lè kà á. "Ẹ̀ẹ́n-ẹ́n. Wàyí o, kọ Ọ̀GÁ ÀGBÀ, kí o sì jẹ́ kí ojú rí i!" Akunlé kọ ọ́ tóbi, tóbi, títí ilẹ̀kùn fi tán kí ọ̀rọ̀ tó tán, ni wọ́n bá fi À ìkẹyìn sára ògiri. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn, ÀGB á wọlé, À á dúró síta. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ó kéré tán kì í ṣe níbi tó ti lè gbọ́. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, Adelé ni gbogbo wọn ń pè é, àwa náà á sì pè é bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn yìí, nítorí kò sí ohun tó lè fi wá ṣe.

Inú ọ́fíìsì yẹn ni àga kan wà. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún un ká tó kọjá, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Aláwọ pupa ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ga, apá rẹ̀ nípọn, ó sì ń yí bìrí. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ní ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ló rà á, Alága ìgbìmọ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé, "Ti ẹni tí a bá fi jẹ ọ̀gá pátápátá ni o. Adelé kankan ò gbọdọ̀ jókòó lé e." Láràárọ̀ ni Adelé ń fi aṣọ nu ọ̀rá náà, á sì lọ jókòó sórí àga onígi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ń mì.

Òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ àga nínú ìdílé wọn. Bàbá bàbá rẹ̀ kì í lọ kí ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ọmọ kan gbé àga tẹ̀ lé e, torí kò dá a lójú pé àga ilé onílé máa ga tó. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olùtọ́jú ilé ìkẹ́rù, ń to àpótí jọ, á sì gun orí wọn jókòó kí àwọn oníbàárà lè máa gbójú sókè wò ó; lọ́jọ́ tí àpótí yẹ̀, oṣù kan gbáko ló fi fẹ̀yìn lélẹ̀. Màmá Adelé, tó rí ti ọkọ tó sì rí ti bàbá ọkọ, ló ń sọ ìtàn wọ̀nyí fún ẹbí, ibi tó sì máa ń parí rẹ̀ sí ni pé: "Àwọn yẹn ń fi tipátipá wá ibi jókòó ni. Èyí tí mo bí, wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ kó jókòó." Ó ti sọ fún ẹ̀gbọ́n, ó ti sọ fún àbúrò, ó ti sọ fún ìyàwó ilé: ọdún yìí ni ẹnì kan nínú ilé wọn máa jókòó sórí àga pupa.

Wàyí o, bí wọ́n ṣe ní kí ọkùnrin yìí máa ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ èdè, ẹ ó rò pé ó gbọ́ èdè náà. Ó gbọ́ ọ lọ́nà tirẹ̀. "Dọ́ọ̀ṣì," ló máa ń wí, "kì í ṣe èdè lọ títí. Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú ni. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó ha ọ̀fun, ó ti gbọ́ Dọ́ọ̀ṣì." Ọ̀rọ̀ tó bá ti jọ ti Gẹ̀ẹ́sì lójú, ìtumọ̀ kan náà ló fún un. Òótọ́ sì kúkú wà níbẹ̀: "water" ni wọ́n ń pe omi, "hand" ni wọ́n ń pe ọwọ́, "warm" ni ohun tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ohun tó bà á jẹ́ gan-an nìyẹn, ìwọ̀nba òótọ́ tó wà nínú irọ́ náà.

Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, á pe olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ sí gbọ̀ngàn, á gba máíkì, á fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu títí á fi han etí, á wá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ògiri tó ń gbọ́ mi! Mo ti wo èdè yìí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo sì ti rí ibi tó ti ń ṣàìsàn. Bí a bá fẹ́ pe nǹkan, ìwé ní ká fi 'de' síwájú àwọn kan, ká fi 'het' síwájú àwọn mìíràn, kò sì sọ ìdí. 'The' kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní, ó sì fi ń rìn káàkiri ayé. Kí ni wọ́n ń fi méjì ṣe? Ìnákúnàá! Láti òní lọ, èmi fúnra mi, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo pa 'het' rẹ́!"

Igbákejì rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára àga pupa nígbà tó bá wọ ọ́fíìsì. "Háà, Ọ̀gá mi! Ẹ ti gba àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ ìyà! Het ti kú!"

"Ó kú, kò sì gbọdọ̀ jí!" ni Adelé dáhùn.

Nọ́ọ̀sì kan nawọ́ sókè níwájú. Ó ti ṣiṣẹ́ ní yàrá ìgbẹ̀bí pẹ́, nítorí náà ariwo kì í bà á lẹ́rù. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ilé ńkọ́? Ìwé ní 'het huis'."

"Ilé tí kò bá fẹ́ gba 'de', kó wó!"

Àtẹ́wọ́ bo gbọ̀ngàn. Ọjọ́ Ajé kejì, ó dojú kọ ọ̀rọ̀-ìṣe. Èdè yẹn, bí gbólóhùn rẹ̀ bá ti gùn, ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ a máa lọ jókòó síparí, á ní káwọn yòókù máa lọ ná. Adelé ò lè fara mọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀. "Òṣìṣẹ́ wo ló ń dé síbi iṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ti tán? Bó bá jẹ́ èmi ni mo gbà á síṣẹ́, mà á lé e! Ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe wá síwájú níbi tí mo ti lè máa rí i!"

Ọjọ́ Ajé kẹta ló wá kan "u" àti "jij." Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ọ̀rọ̀ yìí ò lè ṣòro fún yín. "U" ni wọ́n ń fi pe àgbà àti àlejò, "jij" ni wọ́n ń fi pe ojúgbà àti ọmọdé. Ó dà bí "ẹ̀yin" àti "ìwọ" tiwa. Ṣùgbọ́n Adelé ti gbé ọkàn rẹ̀ lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, kò sì bá a padà. "'You' kan ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ọba àti fún ọmọ ọwọ́! A ti fi 'u' sílẹ̀. 'Jij' la ó máa pe gbogbo ayé."

"Ṣùgbọ́n sà," ni Nọ́ọ̀sì wí, "ṣebí àwa náà ní 'ẹ' àti 'o' nílé."

Adelé sọ máíkì kalẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé èdè ilé ìyá rẹ lo fẹ́ fi kọ́ mi ní Dọ́ọ̀ṣì?"

"Rárá o, sà. Ẹ má bínú."

"Ta lò ń pè ní sà? Ọ̀gá Àgbà ni o máa pè mí! Kí o sì máa fi 'ẹ' sí i!"

Ọkùnrin tó ń pa ọ̀wọ̀ rẹ́ nìyẹn o. Ká ní ó ṣèèṣì gbọ́ "o" láti ẹnu ọmọ ẹlòmíràn, dókítà ni wọn ì bá lọ pè.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ fi ìyìn tún un ṣe. Nígbà tó pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Meneer is slim." Ohun tó sọ ni pé, "Ọ̀gá gbọ́n." Ṣùgbọ́n "slim" ti Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ni. Adelé wo ikùn ara rẹ̀, tó ti ṣíwájú rẹ̀ dé orí àtẹ̀gùn. Ó wo Nọ́ọ̀sì. Ó tún wo ikùn. "Ṣé èmi lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́?" Títí oṣù fi parí, Nọ́ọ̀sì ló ń nu pátákó ìkọ̀wé ní gbogbo kíláàsì. Ìyìn kan ṣoṣo tó dára tí ẹnikẹ́ni fi Dọ́ọ̀ṣì kí i, òun ló fi jẹ ẹni tó kí i níyà.

Èyí tó wù ú, Igbákejì ló fún un. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ oríkì tí wọ́n á máa fi Dọ́ọ̀ṣì kì òun. "Kí ni wọ́n ń pe akọni? Akọni, 'brave' ni Gẹ̀ẹ́sì pè é."

Igbákejì ti gbé láàárín àwọn elédè náà nígbà kan. Ó mọ̀ dájú pé "braaf" ni wọ́n máa ń sọ fún ọmọ tó jẹun tán láìsunkún àti fún ajá tí kò gbó mọ́ àlejò. Olùgbọ́ràn ni, ọmọ dáadáa. Ó wo Adelé. Ó wo àga pupa. Ó rẹ́rìn-ín.

"'Braaf' ni, Ọ̀gá mi. Ẹ̀yin ni braaf!"

"Ọ̀rọ̀ náà bá mi mu!"

"Ó bá yín mu gan-an, Ọ̀gá mi. Kò sírú yín."

Láti ìgbà náà, bí Adelé bá wọlé, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ á dìde, wọ́n á pariwo, "Braaf! Braaf! Braaf!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wo ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé wọn. Ìdùnnú tí wọ́n fi ń pariwo náà kò ní ẹlẹ́gbẹ́.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí Alága ìgbìmọ̀ dé, ọkùnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. "Àlejò ń bọ̀," ló wí. "Ìyá àgbàlagbà tó jẹ́ olórí àwọn tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa síṣẹ́. Ó máa wo ilé-ẹ̀kọ́, ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ. Ohun tó bá sọ nípa àga yẹn lọ́jọ́ náà ni ìgbìmọ̀ máa ṣe. Bó bá ní kó o jókòó, o jókòó. Bó bá ní rárá, o ti gbọ́."

Adelé ránṣẹ́ pe Màmá lójú ẹsẹ̀.

Ìpalẹ̀mọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé ojú àlejò kò ríran dáadáa, ni Adelé bá ní kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síwájú ilé, kí ìyá má bàa gun àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ rere ni, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe rere kó má kọ nǹkan sí i. Ó ní kí wọ́n gbé pátákó ńlá kan dúró, kí wọ́n kọ orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, RAMP, kí wọ́n ya ọfà sí i lábẹ́, kí ọfà kọjú sí ọ́fíìsì òun. Ní Dọ́ọ̀ṣì, "ramp" ni àjálù, irú èyí tí ọkọ̀ ojú omi fi ń rì. Pátákó náà wá ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀ pé: Àjálù, ẹ máa wọlé tààrà.

Ó kọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Dọ́ọ̀ṣì rọ́pò rẹ̀. Ibi tó dùn mọ́ ọn jù ni ibi tó ti ṣèlérí pé òun máa dé ibi gíga, òun máa lọ jìnnà. "I will," ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi sọ "mà á." Ó rí "ik wil" nínú ìwé. Ó jọ ọ́ bí ìbejì. Kò wo ojú ewé kejì, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gbàgàdà pé "ik wil" ni "mo fẹ́."

"Ọ̀gá mi, ṣé kí n bá yín wò ó?" ni Igbákejì bi í.

"Ta ni ìwọ tó fẹ́ wò ó?"

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá mi. Mo gbàgbé ara mi." Ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, À sì bá ÀGB pàdé.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ti gbé àga pupa, tòun tọ̀rá, lọ síwájú gbọ̀ngàn, wọ́n so rìbọ́nù mọ́ ọn, wọ́n sì gbé àga onígi Adelé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá jókòó ní ìlà iwájú, báàgì rẹ̀ lórí itan, ó ń sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, "Èmi ni mo bí i. Kì í sunkún nígbà tó wà lọ́mọdé." Mọ́tò àlejò dúró níta. Ìyá àgbàlagbà kan tó wọ awò dúdú sọ̀ kalẹ̀, ajá ńlá aláwọ̀ wúrà kan ń ṣamọ̀nà rẹ̀, ògbufọ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, obìnrin olóhùn pẹ̀lẹ́ tó gbọ́ èdè wa bí ẹni tí wọ́n bí síbí. Ògbufọ̀ ka pátákó sétí ìyá. Ìyá dúró. Ó ní kó tún un kà. Ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi di okùn ajá mú kó má bàa ṣubú.

"Wọ́n ti fẹ́ràn wa!" ni Adelé sọ fún Alága.

Ilé kún. Ìyá dé iwájú, ó fẹ́ kí ajá sinmi. Ó sọ jẹ́jẹ́ pé, "Zit."

Adelé, tí etí rẹ̀ ń wá Gẹ̀ẹ́sì káàkiri, gbọ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó sórí àga onígi. Ajá náà jókòó.

"Af," ni ìyá wí. Ohun tó ń sọ ni pé kí ajá dùbúlẹ̀. Adelé gbọ́ "off." Ó rò pé fìlà ni wọ́n ń bá wí, ó yára ṣí i lórí. Ajá dùbúlẹ̀.

Ògbufọ̀ wí fún ìyá pé atẹ́gùn ń fẹ́ dáadáa ní apá kejì. Ìyá sún lọ síbẹ̀, ó pe ajá: "Kom." Ajá dìde, ó lọ. Adelé náà dìde, ó lọ, ó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá, fìlà lọ́wọ́.

Ìyá rọra fọwọ́ wá orí ajá, ó sì fọwọ́ pa á lórí. "Braaf!" ló wí tìfẹ́tìfẹ́. "Braaf!"

Omi bọ́ lójú Adelé. Ó fọwọ́ sáyà, ó tẹríba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ti kọ́ pé bí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti dún kí wọ́n gbè é, fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà: "Braaf! Braaf! Braaf!" Inú ajá dùn débi pé ìrù rẹ̀ ń na Adelé lẹ́sẹ̀ pàtì-pàtì.

Màmá na ọrùn. "Ẹ jọ̀wọ́," ló bi ògbufọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀, "kí ló dé tí ọmọ mi ń ṣe ohun tí wọ́n ní kí ajá ṣe?"

Ògbufọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. "Mi ò mọ̀, Màmá. Bóyá àṣà ibí ni."

"Àṣà ibo?"

Adelé ti gba máíkì. Ó fẹ́ ẹ. Ó ha ọ̀fun. "Jij bent welkom!"

Ògbufọ̀ fi ojú wolẹ̀. Màmá tún fà á láṣọ. "Kí ló pè é?"

"'Jij' ni, Màmá. Ó dà bí ká sọ pé, 'Ìwọ, káàbọ̀.'"

"Ìwọ?" Ohùn Màmá lọ sókè. "Ìyá tó bí ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀? Ìwọ?" Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọmọ fún nílé ìwòsàn, tí ojú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là.

Adelé kò gbọ́. Ó ti wọ inú adùn ọ̀rọ̀ lọ. "Ik ben braaf! Wij zijn braaf!" Mo jẹ́ ọmọ dáadáa, gbogbo wa ń gbọ́ràn. Ó wá na ọwọ́ sókè, ó na ìka sí àga pupa, ó fi gbogbo agbára inú rẹ̀ ké pé, "Ik wil gaan ver! Ik wil gaan ver weg!"

Ẹ ti mọ ohun tó rò pé òun sọ. Ohun tó dé etí ìyá àgbàlagbà nìyí: Mo fẹ́ lọ jìnnà. Mo fẹ́ lọ jìnnà réré.

Ìyá mi orí. Àánú bo ojú rẹ̀. "Arme man," ló wí. Ọkùnrin yìí mà ṣeni láàánú o, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Adelé gbọ́ "army," ó gbà pé wọ́n ti fi òun wé ológun. Ó na ara gan-an, ó kí i bí sójà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ abẹ́ tábìlì lọ, wọ́n ní ìwé àwọn já bọ́.

Ìyá wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, kò gùn. Adelé ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ìyá na ọwọ́ síbi tó wà, ó rí i pé ó na ọwọ́ síbi àga, ó rí i pé ojú rẹ̀ tutù. Ó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́! Kó tó parí, Adelé ti ń pàtẹ́wọ́, ó ń ṣẹ́jú sí àwọn yòókù pé kí wọ́n gbè é. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Igbákejì ló pa á kíkankíkan jù.

Ìgbà náà ni ògbufọ̀ gba máíkì. "Ìyá ní ẹ ṣeun. Wọ́n ní ó dun àwọn láti gbọ́ láti ẹnu Adelé fúnra rẹ̀ pé ó fẹ́ kúrò níbí, ó fẹ́ lọ jìnnà réré. Wọ́n ní kò dára ká fi ipá dá ẹni tó ti rẹ̀ dúró. Wọ́n bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ, kí wọ́n sì wá ẹlòmíràn sórí àga náà."

Ọwọ́ Adelé dúró lófurufú, àtẹ́lẹwọ́ kan kò tíì kan èkejì. Lẹ́yìn náà ló sáré síwájú. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ bí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe máa bẹ̀bẹ̀: mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó gbé e gba inú Gẹ̀ẹ́sì, ó yọ ọ́ sí Dọ́ọ̀ṣì, ó ké: "Ik wil niet meer! Ik wil niet meer!"

"Ó ní òun ò fẹ́ mọ́," ni ògbufọ̀ túmọ̀. "Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyá nu ojú lábẹ́ awò rẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀ yí sí Igbákejì. "Ìwọ gbọ́ Dọ́ọ̀ṣì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló wí lóòótọ́?"

Igbákejì káwọ́ sẹ́yìn tìbànújẹ́tìbànújẹ́. "Alága, ọ̀rọ̀ ẹnu Ọ̀gá mi ni. Ọ̀gá mi kì í sì í ṣi Dọ́ọ̀ṣì sọ. Gbogbo wa la lè jẹ́rìí."

Alága yí sí Adelé. Èdè wa ló fi bi í, kí ọ̀rọ̀ má bàa tún ṣìnà. "Dá mi lóhùn. Ṣé ohun tó wà lọ́kàn rẹ lo sọ yẹn, àbí o kò mọ ohun tí ò ń sọ?"

Ẹ wò ó: ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, ó sì ṣí sílẹ̀. Kó ṣáà sọ pé, "Alága, mi ò gbọ́ Dọ́ọ̀ṣì." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bú u, bóyá wọ́n á tiẹ̀ ní kó lọ kọ́ ọ. Adelé la ẹnu. Ó rí àwọn olùkọ́. Ó rí Nọ́ọ̀sì, tí ẹfun pátákó ṣì wà ní ìka rẹ̀, tó ń wò ó láìrẹ́rìn-ín, tó ń mi orí sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń sọ fún aboyún pé kó mí. Ó pa ẹnu dé. Ó fi fìlà rẹ̀ padà sórí.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ," ló wí. "Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ìgbà wo ni mi ò mọ̀ ọ́n?"

"Ó dáa," ni Alága wí. "Ó ti tán."

Màmá ló dìde. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó rìn lọ síwájú, ó tú rìbọ́nù, ó fa ọ̀rá kúrò lára àga pupa láti òkè dé ilẹ̀ pẹ̀lú ariwo tó gba gbogbo gbọ̀ngàn kan, ó sì jókòó.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́," ni Alága bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti sọ fún gbogbo ẹbí pé ẹnì kan nínú ilé wa máa jókòó síbí lọ́dún yìí," ni Màmá wí. "Kì í ṣe irọ́ ni mo máa gbé padà lọ bá wọn." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá apá àga, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ojú rẹ̀ kò fi hàn bóyá ó dùn tàbí kò dùn. "Ó rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó máa ń ba ẹ̀yìn jẹ́." Ó dìde, ó kí ìyá àgbàlagbà náà pẹ̀lú "ẹ" tó kún fọ́fọ́, ó ní, "Ẹ bá mi fi orí jì í, ẹ̀yin ìyá. Èmi ni mo tọ́ ọ, ilé ìwé ló bà á jẹ́." Ó wá gbé báàgì rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ó yá."

Wọ́n jáde. Lẹ́yìn wọn, wọ́n gbọ́ tí nǹkan ń pariwo wàrà-wàrà. Igbákejì ni, tí wọ́n ti ní kó máa ṣe adelé ná, tó ń wé ọ̀rá padà sára àga, tó ń fi aṣọ nù ún.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Màmá níwájú, ọmọ lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì. Ìyá àgbàlagbà ti jáde gba ẹnu ọ̀nà kejì, ògbufọ̀ rẹ̀ sì ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún ajá nítòsí. Ọkùnrin náà dúró ti ògbufọ̀. Ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó sọ ohùn kalẹ̀. "'Braaf,'" ló wí. "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an?"

Ògbufọ̀ sọ fún un. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bó ṣe lè jẹ́jẹ́ tó. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Takisí wọn dé. Ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó dúró níbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbà wọ inú mọ́tò, ó ń wo pátákó tòun tọfà rẹ̀. Awakọ̀ fọn fèrè. Màmá, tó ti wọlé jókòó, na ọwọ́, ó fọwọ́ kan àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Zit," ló wí.

Ọmọ rẹ̀ wọlé, ó jókòó.

Màmá tún fìlà ṣe fún un lórí. Ó fọwọ́ pa á léjìká.

"Braaf."